Ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ikú, ǹjẹ́ ó rí oorun sùn?

Àwa Yorùbá ni a ń pe ara wa ní ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire. Kí a tó bèèrè owó, ọjà tàbí ọmọ lọ́wọ́ ẹnì kejì wa ní òwúrọ̀, a ó ti kọ́kọ́ bèèrè bí ó ṣe sùn àti bí ó ṣe jí. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àṣà ẹnu lásán. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tí kò bá sùn kì í ní agbára láti ṣiṣẹ́, kì í ní sùúrù láti bá ènìyàn gbé, ara rẹ̀ kì í sì í tètè yá. Síbẹ̀, ibì kan wà tí a kì í ti í bèèrè rẹ̀. Ibẹ̀ ni yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ó wà láàárín ikú àti ìyè, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní réanimation. Ohun kan ṣoṣo ni ẹbí ń bèèrè lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀: “Ṣé ó ṣì ń mí?” Bí wọ́n bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ó sì padà sórí ẹní wa nínú àgbàlá ilé ìwòsàn.

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí ni ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a gbé ohun tí ó tẹ̀ lé e yẹ̀ wò. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ti di ìròyìn ojoojúmọ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìjọba kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan sí Abomey-Calavi, ibùsùn 434 ni ó wà fún un. Kútọnù ní CNHU, èyí tí wọ́n fi orúkọ Hubert Koutoukou Maga, ààrẹ àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ wa ní, sọ. Àwa ará Àjàṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Ouémé àti Plateau. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ nípa irú ilé wọ̀nyí, iye ibùsùn, iye ẹ̀rọ àti iye owó ni a ń gbọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í kà ni iye òru tí aláìsàn fi la ojú sílẹ̀ níbẹ̀, àti iye òru tí ó ṣì ń fi la ojú sílẹ̀ nígbà tí ó ti padà sí ilé rẹ̀.

Ta ni wọ́n ń gbé lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe yìí? Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣubú lórí zémidjan tí ó fi orí gbá ọ̀dà títì. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru títí gìrì fi mú un. Ọmọdé tí ibà ẹ̀fọn ti wọ inú ọpọlọ rẹ̀. Ẹni tí epo kpayo gbiná mọ́ lára. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún. Àwọn wọ̀nyí kò lè dá mí dáadáa, tàbí kí ọkàn wọn má lù bí ó ti yẹ, tàbí kí wọ́n má mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Nítorí náà ni ẹ̀rọ kan fi ń bá wọn mí, tí òmíràn ń ṣọ́ ìlù ọkàn wọn, tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń gbé omi àti oògùn wọ inú iṣan wọn tọ̀sán-tòru.

Bí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ yẹ ní mímọ̀, nítorí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ wa hàn. Ní ọdún 1952, àrùn rọmọlápárọsẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ gidigidi ní Copenhagen, olú-ìlú Dẹ́ńmáàkì. Àrùn náà kò dúró ní ẹsẹ̀. Ó ń gòkè wá sí àyà àti ọ̀fun, àwọn ọmọdé kò sì lè mí mọ́. Nínú mẹ́wàá irú wọn tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn Blegdam, ó ju mẹ́jọ lọ tí ó ń kú. Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà kan tí ń jẹ́ Bjørn Ibsen. Iṣẹ́ dókítà yìí ni láti kun àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lóorun. Wọ́n dá ihò sí ọ̀fun ọmọbìnrin ọlọ́dún 12 kan, wọ́n fi rọ́bà sí i, Ibsen so àpò rọ́bà mọ́ ọn, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ àpò náà kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ọmọ náà yè. Ẹ̀rọ tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí kò tó, nítorí náà wọ́n pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Bí 1500 àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń gba àpò náà lọ́wọ́ ara wọn, lọ́sàn-án àti lóru, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Iye àwọn tí ń kú dín kù ju ìdajì lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1953, Ibsen ṣí yàrá kan tí ó wà fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ nìkan. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká gbogbo ayé.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìtàn yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá tòògbé níbẹ̀, aláìsàn rẹ̀ yóò kú. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá yàrá ìtọ́jú àkànṣe sílẹ̀, wọ́n kọ́ ọ bí ibi tí ojú kò gbọ́dọ̀ kú. Iná ń tàn, ẹ̀rọ ń dún, ènìyàn ń lọ, ènìyàn ń bọ̀. Ìtọ́jú tí ó gba ẹ̀mí là ni ó ń lé oorun lọ. Ìdí nìyí tí kò fi rọrùn láti tún ọ̀ràn náà ṣe, nítorí kì í ṣe ìwà ìkà ẹnikẹ́ni ni ó fà á.

Ohun tí ń lé oorun lọ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Àwọn onímọ̀ ń wọn ariwo bí a ti ń wọn ìrẹsì, ṣùgbọ́n décibel ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n wọn. Ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ènìyàn létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó bí 30. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bá ara wọn sọ lórí ìjókòó tó bí 60. Ní ọdún 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlànà kan jáde pé ní òru, ariwo inú yàrá àwọn aláìsàn kò yẹ kí ó ju 30 lọ, àti pé ohùn òjijì kankan kò yẹ kí ó kọjá 40. Wọ́n ti lọ wọn ariwo yàrá ìtọ́jú àkànṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè olówó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó kọjá 50 lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹni tí orí ń fọ́, tí abẹ́rẹ́ gún ní ibi mẹ́ta, tí rọ́bà wà ní ọ̀fun rẹ̀, ń gbìyànjú láti sùn láàárín ènìyàn méjì tí ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, tí agogo ìkìlọ̀ sì ń dún lé wọn lórí.

Iná wà pẹ̀lú. Nínú ara wa, agogo kan wà tí ń sọ fún wa pé òru dé tàbí pé ilẹ̀ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń tún agogo náà ṣe lójoojúmọ́. Bí òkùnkùn bá ṣú, ọpọlọ yóò tú ohun kan tí ń jẹ́ melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, ara yóò sì mọ̀ pé àkókò oorun ti tó. Nínú yàrá tí iná mànàmáná kì í kú, tí fèrèsé kò sì sí tàbí tí aṣọ bò ó, agogo yìí yóò dàrú. Aláìsàn kò ní mọ̀ bóyá aago méjì òru ni tàbí aago méjì ọ̀sán.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àwọn olùtọ́jú. Wọ́n ní láti wọn ìfúnpá, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n yí aláìsàn padà kí egbò má bàa dé sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n fa itọ́ kúrò ní ọ̀fun rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n ṣe ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá jí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò sùn.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ariwo àti ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nìkan ni ó fa gbogbo rẹ̀ yóò ṣì wọ́n dá lẹ́bi. Nígbà tí àwọn oníwádìí lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí àwọn aláìsàn láti wo bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ lóru, wọ́n rí i pé nínú ìgbà mẹ́ta tí aláìsàn ta jí, ariwo àti ìtọ́jú kò jẹ̀bi tó ẹ̀ẹ̀kan. Ìyókù wá láti inú àìsàn fúnra rẹ̀, láti inú ìrora, láti inú ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ àyà ní ìgbà tí ara kò ṣetán, láti inú oògùn, àti láti inú ẹ̀rù. Ẹ̀rù kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí ó rí i pé wọ́n fi aṣọ bo ẹnì kejì rẹ̀ tí wọ́n sì gbé e jáde ní òru àná kò ní fẹ́ pa ojú dé lónìí.

Wáyà kan náà fi ohun mìíràn hàn. Bí a bá ka gbogbo ìṣẹ́jú tí aláìsàn fi sùn láàárín ọ̀sán àti òru kan pọ̀, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ó bọ́ sí ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Oorun àsùnwọra, èyí tí ara fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, kò tó nǹkan mọ́. Oorun tí a fi ń lá àlá náà kò tó nǹkan mọ́. Ó dà bí ẹni tí wọ́n jẹ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fáráǹkì tí wọ́n sì ń san án fún un ní fáráǹkì márùn-ún márùn-ún: iye rẹ̀ pé, àmọ́ kò lè fi ra àpò ìrẹsì kan.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oògùn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣi nǹkan mú. Wọ́n máa ń fún ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí ní oògùn akunnilóorun kí ó má bàa fa rọ́bà yọ, kí ìrora má sì pa á. Ẹbí yóò wò ó láti ojú fèrèsé, wọn yóò ní: “Ó ń sùn, ara ń tù ú.” Ojú rẹ̀ ni ó pa dé. Ọpọlọ rẹ̀ kò wà nínú oorun tí Ọlọ́run dá mọ́ wa. Púpọ̀ nínú oògùn wọ̀nyí, pàápàá àwọn ti ìdílé diazépam àti ti morphine, ń dín oorun àsùnwọra àti oorun àlá kù. Òwe wa sọ pé ẹni tí ó sùn ni a ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ẹni tí wọ́n fi oògùn kùn lóorun kì í ṣe apirọrọ, nítorí kò mọ̀ọ́mọ̀ tan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ti apirọrọ, ojú tí ó dì kò fi hàn pé oorun wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá dá oògùn náà dúró, gbèsè oorun ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni yóò jí pẹ̀lú.

Nígbà tí ọkàn bá dàrú

Níbi yìí ni ọ̀ràn náà ti di ọ̀ràn ìdílé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wà nínú yàrá ìtọ́jú àkànṣe ni ọkàn wọn máa ń dàrú fún ọjọ́ díẹ̀. Àwọn dókítà Faransé ń pè é ní délirium, àwa lè pè é ní ìrànrán. Ẹlòmíràn yóò máa jà, yóò fẹ́ dìde, yóò máa bú ìyàwó rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni, àwọn ènìyàn yóò sì rò pé ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹni méjèèjì ni ọkàn wọn dàrú. Àìsùn àti ìrànrán ń rìn pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí tí ó bí èkejì.

Ohun tí aláìsàn rí nígbà náà kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àwọn kan ń sọ lẹ́yìn tí ara wọn yá pé nọ́ọ̀sì fẹ́ fún àwọn ní májèlé, pé wọ́n dè àwọn mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, pé àwọn òkú wá jókòó lẹ́bàá àwọn. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ irú ẹ̀rí báyìí sílẹ̀, láti ẹnu àwọn tí kò gbọ́ orúkọ àjẹ́ rí láyé wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èyí. Nígbà tí ẹnì kan láàárín wa bá sọ pé òun rí ìyá bàbá òun tí ó ti kú ní ẹsẹ̀ ibùsùn, tí ó sì ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ni ó fẹ́ pa òun, ọ̀rọ̀ náà kì í dúró ní ilé ìwòsàn. Ó ń bá a délé. Mo ti rí ilé tí ó pín sí méjì nítorí ọ̀rọ̀ tí ọpọlọ tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́jọ sọ. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ń sọ pé kí a kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ dókítà, kí a tó bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwòsàn

Títí di bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà fúnra wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé aláìsàn kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó jáde, ó yè, iṣẹ́ parí. Ní ọdún 2012 ni wọ́n tẹ orúkọ kan jáde ní Amẹ́ríkà fún gbogbo ohun tí ó ń ṣẹ́kù lára àwọn tí ó là á já. Ní èdè Faransé, wọ́n ń pè é ní syndrome post-réanimation. Ara kò ní agbára, ọkàn ń gbàgbé, ìbànújẹ́ àti ẹ̀rù kò lọ. Ẹbí tí ó ṣe ìtọ́jú náà ń ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe níbi púpọ̀, ìdajì àwọn tí ó jáde tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kò rí oorun sùn dáadáa ní oṣù kìíní. Iye náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù, ṣùgbọ́n a ń rí àwọn tí ọdún yípo bá tí wọ́n ṣì ń jí ní aago mẹ́ta òru.

Ìyá kan tí ó ń kọ́ ìwé kíkà ní àdúgbò wa sọ ti ọkọ rẹ̀ fún mi. Ọkọ náà ṣubú lórí alùpùpù, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá a mí. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí ó ti padà. Ó ń jẹun, ó ń rìn, ó sì ti padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, orí bẹ́ǹṣì ìta ni ó máa ń jókòó sí. Bí fóònù aládùúgbò bá dún, yóò ta gìrì, nítorí ó dà bí agogo ẹ̀rọ ọjọ́ náà létí rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ ní ayé kò tíì fi í sílẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ilé ìwòsàn tí ó sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀. Ìwé oògùn ni wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ ọ́.

Ẹni tí ó bá sì ń gbé ní Djègan-Kpèvi mọ bí òru wa ṣe rí. (Ní èdè Gùn, kpèvi túmọ̀ sí kékeré, daho sì ni ńlá. Djègan-Daho ni ti ńlá, àwa ni ti kékeré, ṣùgbọ́n ariwo àwa méjèèjì dọ́gba.) Ìsìn òru ń lọ lápá kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìnáwó òkú ń dún lápá kejì, alùpùpù ń kọjá, ooru ń mú, ẹ̀fọn ń kọrin. Ẹni tí ara rẹ̀ le á máa sùn nínú rẹ̀ nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ẹni tí agogo inú ara rẹ̀ ti bàjẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ni a ń ṣe fún un? A ń ra oògùn oorun ní ojú ọ̀nà. Ibi yìí ni ewu gidi wà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ilẹ̀ wa ti ń bá oògùn ayédèrú jà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2009, Kútọnù ni Jacques Chirac, tí ó ti jẹ ààrẹ ilẹ̀ Faransé, ti ké gbàjarè sí gbogbo ayé lórí rẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn agbófinró ya wọ Adjégounlè ní ọjà Dantokpa, ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ọjà oògùn, wọ́n sì kó ọjà ńlá níbẹ̀. Ọjà náà tú ká, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ru oògùn kiri kò tán. Diazépam ń dín mímí kù. Tramadol náà ń dín mímí kù, ó sì lè fa gìrì. Bí ẹni tí àyà rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò bá lo ọ̀kan nínú wọn, tí ó sì fi sódàbì lé e, ó lè má jí. Ẹni tí ó bá sì jí lè rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pé òun kò lè sùn láìlò ó mọ́.

Ṣé ọ̀ràn olówó ni?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa. Wọ́n á ní: níbi tí ẹbí ti ń ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan aláìsàn, ta ni yóò máa ro ti oorun? Mo gbà pé afẹ́fẹ́ oxygène àti ẹ̀jẹ̀ ni ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé oorun jẹ́ ọ̀ràn olówó. Nínú gbogbo ohun tí a lè ṣe nínú yàrá ìtọ́jú àkànṣe, òun ni ó gba owó tí ó kéré jù lọ.

Ẹ wo àrùn ipá, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní tétanos. Àrùn yìí ti pa ènìyàn púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn yunifásítì tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957 rí i lọ́pọ̀lọpọ̀, débi pé ní ọdún 1971 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà 503 tí ó ní in. Gbogbo nọ́ọ̀sì tí ó bá ti tọ́jú ẹni tí ipá mú mọ̀ pé ariwo kékeré, iná òjijì tàbí ọwọ́ tí a fi kàn án lè mú kí gbogbo iṣan rẹ̀ fà le. Nítorí náà wọ́n ń fi í sí yàrá tí ó ṣókùnkùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n sì ń kó gbogbo iṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ jọ kí wọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ilé ìwòsàn wa mọ bí a ti ń dákẹ́, nígbà náà. Fún ẹni tí ipá mú nìkan ni wọ́n ń dákẹ́.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ibòmíràn pẹ̀lú. Ní ọdún 1859, Florence Nightingale, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òde òní múlẹ̀, ya orí kan odindi sọ́tọ̀ fún ariwo nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtọ́jú aláìsàn. Ní ọdún 2012, àwọn oníwádìí ní Antwerp, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, pín aláìsàn 136 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní ohun kékeré tí a fi ń dí etí lóru, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó dí etí sọ pé àwọn sùn dára jù ní òru àkọ́kọ́, ọkàn wọn kò sì dàrú tó ti àwọn yòókù. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìtọ́jú àkànṣe ní Amẹ́ríkà fi ọ̀rọ̀ oorun kún ìlànà wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn kò rí oògùn oorun kan tí wọ́n lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún. Ohun tí wọ́n dámọ̀ràn ni pé kí ilé ìwòsàn dín ariwo àti iná kù lóru, kí wọ́n sì ṣe é bí ètò tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀.

Ti ẹbí ńkọ́? Níbi púpọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí a fi rí aláìsàn wa. Ní ilẹ̀ Bràsíìlì, wọ́n dán an wò nínú yàrá ìtọ́jú àkànṣe 36 pé kí ẹbí lè dúró títí dé wákàtí 12 lójúmọ́. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Kò dín ìrànrán àwọn aláìsàn kù bí wọ́n ti retí. Ṣùgbọ́n ọkàn ẹbí balẹ̀ jù. Ní tèmi, ìyẹn nìkan tó ìdí láti ṣí ilẹ̀kùn, pàápàá ní ilẹ̀ tí ẹbí ti ń sùn sí àgbàlá lọ́nàkọnà.

Ohun tí ẹbí lè bèèrè kò pọ̀, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ lè bèèrè pé kí wọ́n dín iná orí ibùsùn kù ní òru. Ẹ lè mú gíláàsì ojú aláìsàn wá, nítorí ẹni tí kò ríran tètè máa ń dàrú. Ẹ máa sọ ọjọ́ àti aago fún un ní èdè tí ó gbọ́, kódà bí ojú rẹ̀ bá dì. Nígbà tí ó bá ń lọ sílé, ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà ní gbangba: “Bí kò bá sùn, kí ni kí a ṣe, ta ni kí a padà wá bá?” Bí ó bá ń han-an-run tí mímí rẹ̀ ń dúró lóru, bí ó bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, tàbí bí ọkàn rẹ̀ bá tún dàrú, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn.

Ohun kan kù tí ó kan àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Dẹ́ńmáàkì, Súwídìn àti Nọ́wè, ó ti pẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì àti ẹbí ti ń kọ ìwé àkọsílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà. Ìwé kékeré kan ni, ó wà ní ẹ̀bá ibùsùn. Bí ara aláìsàn bá yá, wọn yóò fún un, yóò sì kà nípa ọjọ́ tí ó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n dán an wò nínú yàrá ìtọ́jú àkànṣe 35, pẹ̀lú aláìsàn 709. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀rù àti àlákálàá àwọn tí ó ní ìwé náà kò dín ju ti àwọn tí kò ní in lọ. Oògùn kọ́ ni, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó gbà gbọ́ pé wọ́n dè òun mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi lè kà á níbẹ̀, ní ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, pé wọ́n fi aṣọ so ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Tusidé kí ó má bàa fa rọ́bà yọ, àti pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀ tí ó ń sunkún.

Ìwé olójú-ewé 100 tí àwọn ọmọ wa ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ tó fún un. Ẹ lè fi Yorùbá tàbí Gùn kọ ọ́, èdè tí aláìsàn fi ń lá àlá ni ó dára jù. Ẹ kọ ọjọ́ sí òkè. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó wá kí i, ohun tí dókítà sọ, ìgbà tí wọ́n yọ rọ́bà, bóyá òjò rọ̀, ẹni tí ó bímọ ní àdúgbò. Bí ó bá sùn fún wákàtí méjì láìjí, ẹ kọ ìyẹn náà sí i.